Áàpù Tó Fi Ìlà Kan Ṣoṣo Wọn Pedro àti Gibson

Ìlà kan ló mú mi kọ èyí. Ìlà aláwọ̀ eérú, tó na tààrà láti apá òsì fóònù mi dé apá ọ̀tún, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Áàpù ìṣirò bésíbọ́ọ̀lù tí mo ń sanwó fún lóṣooṣù ní ìpíndọ́gba líìgì nìyẹn. Irọ́ ni.

Bàbá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Boston níbí, ọmọ St. Louis ni wọ́n, wọ́n ní kò sí ajùbọ́ọ̀lù bésíbọ́ọ̀lù tó tó Bob Gibson tó ju bọ́ọ̀lù fún Cardinals ìlú wọn. Èmi ní Pedro Martinez ni. Mo ṣí áàpù náà pé kó bá wa dá ẹjọ́ náà. Ó gbé ERA wọn jáde, ìyẹn iye ayò tí wọ́n jẹ lórí wọn ní ínnìn 9, odidi eré kan, tó sì jẹ́ ẹ̀bi tiwọn (bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó), láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iṣẹ́ wọn: Gibson 2.91, Pedro 2.93. Ó wá kọ ọ́ gàdàgbà pé Gibson ló borí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Inú bí mi gan-an. Ayé tí àwọn méjèèjì ti ju bọ́ọ̀lù ò jọra rárá! Ní 1968 tí ERA Gibson jẹ́ 1.12, ìpíndọ́gba National League, ọ̀kan nínú líìgì ńlá méjì tí wọ́n ní, ò ju 2.99 lọ. Ìyà jẹ àwọn tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yẹn débi pé ní 1969 wọ́n ré òkìtì tí ajùbọ́ọ̀lù ń dúró lé láti ínǹṣì 15 sí 10. Ní 2000 tí Pedro ṣe 1.74 fún Red Sox ti Boston, ìpíndọ́gba American League, líìgì kejì, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 5. Kí wọ́n fi ìlà kan wọn ọdún méjèèjì yìí dà bí ìgbà téèyàn fi kóńgò gàrí wọn aṣọ.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe áàpù náà. Ẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn ní kí n yọ áàpù náà kúrò, kí n tún un gbé sórí fóònù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà dúró gbọin. Ó tún ní kí n yí èdè fóònù mi padà. Èdè ti jẹ́? Mo ya àwòrán ìlà náà, mo fi pupa yí i ká, mo kọ 2.99 sí ibi 1968, mo fi ránṣẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Mo tún kọ òmíràn. Arábìnrin kan ló gbà á lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó sì kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo fẹ́ kó ka ti pápá mọ́ ọn. Ọkàn mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ eré yìí ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ Denver fẹ́lẹ́, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá ní Coors Field a máa fò lọ jìnnà réré. Kò bá mi jiyàn. Ó ní gbogbo ọdún ni wọ́n dà pọ̀ tí wọ́n fi fa ìlà yẹn, kò sì dáa. Ó fi ìṣirò ọdún kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, líìgì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí wọ́n tó tún áàpù náà ṣe.

Wọ́n sì tún un ṣe. Ìlà ti ń gòkè, ó ń sọ̀. Ní 2000, àmì Pedro wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà wà lókè réré; mo wò ó, mo tún wò ó. ERA+ wọn náà ti jáde, ìyẹn ERA tí wọ́n fi wé ti líìgì àti pápá ìgbà tiwọn, níbi tí 100 ti jẹ́ ti ajùbọ́ọ̀lù tó wà ní ìpíndọ́gba, tó bá sì ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dáa: Gibson 127, Pedro 154. Bàbá wo fóònù náà títí, wọ́n ní 1968 ṣì ni 1968.

Àmọ́ ẹni tó bá san owó tó ga jù nìkan ló ń rí ìlà tuntun yìí. Èyí ò tọ́. Àtúnṣe àṣìṣe yín lẹ ń tà fún wa. Àwòrán téèyàn lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ṣì ń gbé ìlà tààrà àtijọ́ jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5.