Fountain tàbí Redeemer's, èwo ni ká mú fún ọmọ wa?

Àbúrò mi obìnrin ti ṣe JAMB, ó wá ku ká mú ọ̀kan nínú yunifásítì méjì: Fountain tó wà l'Ókè-Ọ̀ṣun l'Óṣogbo níbí àti Redeemer's tó wà l'Ẹ́dẹ.

Fountain, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí NASFAT ló dá a sílẹ̀, 2007 ni wọ́n gbàwé àṣẹ. Òun ni màmá wa fẹ́, torí ó sún mọ́lé, tí ara ọmọ ò bá yá, wọ́n á gbé ọbẹ̀ sínú kúlà, wọ́n á gun ọ̀kadà, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà á máa lo híjáábù ẹ̀ láì sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Redeemer's ni tiẹ̀, ìjọ Rìdíìmù ló ni ín, 2005 ni wọ́n gbàwé àṣẹ, àmọ́ kì í ṣe Ẹdẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o, ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ́hùn-ún ni wọ́n wà kí wọ́n tó kó wá s'Ẹ́dẹ ní 2012. Ohun tó gbà mí lọ́kàn níbẹ̀ ni ACEGID, ilé ìwádìí àrùn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi dá sílẹ̀, nígbà tí Kòrónà wọ Nàìjíríà ní 2020, ibẹ̀ ni wọ́n ti ka jíìnì kòkòrò náà láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ gbọ́ ná, Ẹdẹ tiwa yìí!

Ọ̀rọ̀ kòkòrò àrùn sì ni ọmọ yìí ń kà títí tí tọ́ọ̀ṣì fi máa ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lóru. Èmi ò yí ohùn padà, Ẹdẹ ni mo fara mọ́, màmá ló kù tí mò ń bẹ̀.