Labo kan l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) tó jẹ́ kí n fojú ara mi rí inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún wọn nínú márùn-ún, ẹ máa tó rí ìdí tí mo fi yọ ọ̀kan. Mi ò ní dárúkọ wọn torí màá sọ ibi tó dùn, màá sì sọ ibi tó kan.

Ásímà ló ń yọ ọmọ mi kejì lẹ́nu, ikọ́ sémìí-sémìí tí àwọn àgbà ń pè. Tí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku wá pàdé èéfín kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù fàyàwọ́, a ò ní sùn lóru ọjọ́ náà, àyà ẹ̀ á kàn máa súfèé ni. Dókítà ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, bá a ṣe wọ táksì láti Kétu nìyẹn, a gba Ìpóbẹ́ kọjá, ó bì sí mi lára ní Sakété, ẹ jẹ́ n fìyẹn sílẹ̀.

Gbígba ẹ̀jẹ̀ ò pẹ́ rárá, obìnrin tó gún un lábẹ́rẹ́ mọ ọmọ ọ́ tàn. Èsì ni wàhálà. Wọ́n ní lọ́la, ọjọ́ kẹta la tó rí i, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò ní epo, ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i lọ síbi òkú, èmi tí mo ní aṣọ ẹbí tí mo ń rán lọ́wọ́ wá ń sùn nílé àbúrò ọkọ mi. Ìràwọ̀ tí mo yọ nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń ka ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́ n dárí jì wọ́n. Mo ti fẹ́ bínú, ó ní "Màmá, ẹ wọlé, ẹ wá wò ó." Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín sórí gíláàsì, wọ́n ti pa á láró, ó kán òróró sórí ẹ̀, ó ní míkírósíkóòpù yẹn ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 1,000. Mo gbójú lé e, nǹkan dúdú kan ni mo kọ́kọ́ rí, àṣé irun ìpéǹpéjú mi ni! Ìgbà tó mọ́lẹ̀, àwọn pupa rẹ́súrẹ́sú ló kún ibẹ̀ bí ẹni da bọ́tìnnì sílẹ̀. Ó yí i díẹ̀, ó ní "òun nìyẹn." Ó tóbi ju àwọn yòókù lọ, àárín ẹ̀ pín sí méjì bíi jígí ojú, àwọ̀ elésè àlùkò, ìyókù ara ẹ̀ wá kún fún hóró pupa wẹ́wẹ́, àfi bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú àpò. Eosinophil ni wọ́n ń pè é. Eosin ni aró pupa tó ń mu, Paul Ehrlich, dókítà ará Jámánì, ló ti ṣàwárí eosinophil ní 1879.

Ọmọ-ogun ara ni, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, oró inú hóró yẹn ló fi ń bá aràn jà. Nínú ásímà ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀nà èémí ló ń lọ tú oró ọ̀hún sí, ibẹ̀ á bó, á wú, á sì dí. Nínú 100 sẹ́ẹ̀lì funfun, kì í sábà ju 4 tàbí 5 lọ, ti ọmọ mi jẹ́ 11. Ojú mi ti ń ṣomi, ó ní "Ẹ fara balẹ̀ màmá, aràn inú náà lè fà á, èyí nìkan ò tó láti sọ pé ásímà ni." Ibi tí mo fẹ́ràn wọn jù nìyẹn o, torí ibòmíì bébà ni wọ́n kàn máa nà sí ẹ. Lóòótọ́, oògùn aràn ni dókítà kọ́kọ́ fún un kó tó sọ̀rọ̀ pọ́ńpù ásímà tí wọ́n ń fín sẹ́nu.

Mo bi í bóyá èèyàn lè rí oró yẹn níbi tó ti ń jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nǹkan méjì tí àárín wọn ò bá tó ìdá kan nínú 5,000 mìlímítà kan, ẹyọ kan ni ẹ̀rọ tiwọn máa rí i sí, ìmọ́lẹ̀ ò lè yà wọ́n. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Stefan Hell, Eric Betzig àti William Moerner, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 torí wọ́n borí ìyẹn, wọ́n ń mú kí inú sẹ́ẹ̀lì máa tàn bíi tanátaná, wọ́n á lè wo inú hóró kan ṣoṣo. Kò sí irú ẹ̀ ní labo yìí o, ẹ má lọ béèrè.

Tí ẹ bá ń lọ, àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì mú sẹ́fà wẹ́wẹ́ dání, wọn kì í ní ṣéńjì.