Ìrókò, tíìkì tàbí apá: pákó wo ló yẹ bákónì tó ti jẹrà?

Ẹni tó ń gbé ilé alájà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), pàápàá àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà wá láti Brazil, kọ́, mọ ohun tí òjò ń fi pákó bákónì ṣe. Bí pákó bá ti ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ọjà pákó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré lọ. Mo bẹ̀ yín, igi tó gbé pákó ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ dúró sí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ ṣóńṣó gún un níbi tó ti wọ inú ògiri. Ibẹ̀ ni omi ń fara pamọ́ sí, tí kì í tètè gbẹ. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ẹni gún iṣu sísè, igi náà ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Pákó tuntun tó wà lórí igi jíjẹrà, ewu tuntun ni.

Ìrókò ló lórúkọ jù. Òjò kì í tètè bà á jẹ́, ikán kì í sì í fẹ́ràn inú rẹ̀. Àmọ́ nígbà mìíràn òkúta funfun kan máa ń wà nínú ara rẹ̀ tó ń mú ayùn kújú, eruku rẹ̀ sì ń yún ara, ó ń dà imú láàmú. Kí ẹni tó ń rẹ́ ẹ bo imú rẹ̀. Ìrókò àgbà ti ń ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ náà sì mọ̀ ọ́n.

Tíìkì ni èmi máa ń kọ́kọ́ tọ́ka sí. Gbígbìn ni wọ́n ń gbìn ín, ní Agrimey, ní Djigbé àti láwọn ibòmíràn ní Benin, torí náà kò ṣòro láti rí. Òróró inú rẹ̀ ló ń bá a lé omi àti ikán. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gé nígbà tó ṣì kéré, funfun ẹ̀gbẹ́ èèpo ló pọ̀ lára rẹ̀, ikán sì máa ń jẹ funfun yẹn dáadáa.

Apá le gan-an. Kì í fún púpọ̀ nígbà ọyẹ́, kì í sì í wú púpọ̀ nígbà òjò. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí ọyẹ́ ti ń mú ju etí ọ̀sà lọ. Tí òjò bá kọ́kọ́ pa á, omi pupa rúsúrúsú máa ń ṣàn lára rẹ̀, kí ẹ má tíì kun ògiri ìsàlẹ̀ ní funfun. Láti ọdún 2022 sì ni CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi igbó, ti pinnu láti fi igi apá ti Áfíríkà sábẹ́ ìṣọ́ nínú òwò láàárín orílẹ̀-èdè. Bí ó bá jẹ́ pé Nàìjíríà ló ti wọlé, ẹ béèrè ìwé rẹ̀.

Arère àti afárá rọjú, wọ́n dára fún inú ilé. Níta, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Pákó oníke kì í jẹrà, àmọ́ oòrùn ń mú un gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdé, ó sì ń tẹ̀ bí igi abẹ́ rẹ̀ bá jìnnà síra.

Kí n sọ èyí tó ká mi lára jù: orúkọ igi kò tó. Ẹ ní kí wọ́n fi orí pákó hàn yín, níbi tí ayùn ti gé e. Àwọ̀ dúdú tàbí pupa ni ọkàn igi, funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo ni ikán ń wá. Tíìkì tó jẹ́ ọkàn lásán sàn ju ìrókò tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ funfun lọ.

Ìṣó lásán kò bá àwọn igi wọ̀nyí mu, nítorí omi ara wọn ń jẹ irin, á sì fa àbàwọ́n dúdú. Súkúrù ínọ́ọ̀kì, irin tí kì í dípẹtà, ni kí ẹ rà, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6 fún pákó tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ẹ lu ihò kí ẹ tó yí i wọlé, kí pákó má là. Igi abẹ́ kò gbọdọ̀ jìnnà síra ju bíi sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Ẹ jẹ́ kí àlàfo bíi mílímítà 5 wà láàárín pákó, kí ó fẹ̀ díẹ̀ sí i bí ẹ bá ń kàn án nígbà ọyẹ́, torí pákó á wú bí òjò oṣù Kẹrin bá dé.

Yíyọ ti àtijọ́ ló léwu jù. Ẹ ti ilẹ̀kùn bákónì pa, ẹ fi okùn dí ọ̀nà abẹ́ bákónì kí ẹnikẹ́ni má bàa gba ibẹ̀, kí ẹ sì fi òpó irin ti igi abẹ́ ró kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Pẹpẹ àwọn mọlémọlé ni káfíńtà gbọdọ̀ dúró lé, kì í ṣe orí pákó tó ń jẹrà. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ara pákó ni wọ́n kan ọgbà bákónì, èyí tí ènìyàn ń fara tì, mọ́. Bí pákó bá kúrò, ọgbà náà á ṣì dúró bí ẹni pé kò sí nǹkan, ẹni tó bá fara tì í á sì bá a lọ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, ara igi abẹ́ ni kí ẹ fi bóòtù dè é mọ́, kí ó ga tó mítà 1, kí àlàfo àárín rẹ̀ má sì ju sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, kí ọmọ kékeré má bàa gba ibẹ̀ kọjá.