Máùtìpíìsì rọ́bà líle tí mo rà ní Wuse

Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí orin ìwọlé bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bí mo ṣe ṣí àpótí saksafóònù mi, òórùn imí ọjọ́ ló kọ́kọ́ kí mi. Máùtìpíìsì, ibi tí a ń fi ẹnu sí fun saksafóònù, tó dúdú bí kóró iṣin lọ́jọ́ tí mo rà á ti di àwọ̀ ewédú àná. Mo fi ahọ́n kàn án, ó korò. ₦95,000 ni mo san!

Ọjọ́ kejì, mo gba Wuse lọ. Ọmọkùnrin tó wà ní káńtà ò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi. "Bùọ̀dá, ọjà tí ẹ ti fi ẹnu kàn, a kì í gbà á padà." Mo ní kó ṣáà wò ó. Ó dojú kọ fóònù rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi dúró, kò fi àga lọ̀ mí. Ìgbà tí mo pariwo pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni ọ̀gá wọn, bàbá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, jáde láti ẹ̀yìn.

Bàbá fi àtàǹpàkò ra á títí tó fi gbóná, ó gbé e sí mi nímú. "Òórùn kí lo gbọ́?"

"Imí ọjọ́ ni, sà."

"Ike kì í rùn báyìí. Omi wo lo fi ń fọ̀ ọ́?"

Omi gbígbóná ni. Mo sì máa ń gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù kó lè gbẹ, nínú oòrùn Àbújá yìí.

Bàbá ní imí ọjọ́ tó wà nínú rọ́bà táyà ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nínú irú èyí, ó lè tó 30 nínú 100. Òun ló mú un le bí egungun; oòrùn àti omi gbígbóná ló sì ń tú u síta. Nelson Goodyear ló gba ìwé àṣẹ rọ́bà líle ní Amẹ́ríkà ní 1851, wọ́n sì ti fi ṣe ìyàrí, ìkòkò bátìrì àti ahọ́n abẹ́ gègé onítàdáwà. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi sáńpépà olómi tó kúnná jù lọ pa á lára, kò jẹ́ kó kan ètè máùtìpíìsì náà àti ojú pẹrẹsẹ tí réèdì, esùsú pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n láti mú ohùn jáde, ń sùn lé. Ó fi òróró ólífì pa á. Kò gba kọ́bọ̀.

Dúdú rẹ̀ ò padà tán. Ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀! Oníke tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń han bí ológbò. Èyí ń rọra hùn, ó kún, ó ń gbé orin ìyìn lẹ́sẹ̀.

Gbólóhùn kan péré, "omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́," ni ọmọ yẹn ì bá sọ lọ́jọ́ tó gbowó mi. Títí di òní, kò tíì bẹ̀ mí.

Máàkì máùtìpíìsì náà: 5 nínú 5.