Ògiri Igbó Ọ̀ṣun lójú bíríkìlà

Ẹni tó bá fẹ́ wo Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo dáadáa, kó má lọ lásìkò ọdún. Inú oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun máa ń bọ́ sí, èrò á sì pọ̀ débi pé ìpàkọ́ èèyàn lẹ máa rí, ẹ ò ní rí ògiri. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láàárọ̀, lọ́jọ́ tí kì í ṣe òpin ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, pílásítà gan-an ni mo sì mọ̀ jù nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ògiri ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ibẹ̀ ṣáájú mi ti sọ ti odò, wọ́n ti sọ ti ọ̀bọ, wọ́n ti sọ ti Arugbá. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń po yanrìn mọ́ sìmẹ́ńtì ní ìpínlẹ̀ yìí lọ wo ògiri ibẹ̀. Mo mú ọmọ iṣẹ́ mi dání lọ.

Ẹnu ọ̀nà lẹ ti máa sanwó. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ fọ́tò yíyà kẹ́ ẹ tó yọ fóònù, kí ó má baà di àríyànjiyàn nínú. Ẹ sì gba afinimọ̀nà, torí igbó náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ojúbọ àti ère inú rẹ̀ sì tó 40. Ẹni tó bá ń dá rìn á kàn máa wo igi ni. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Mi ò lọ bọ nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó ní kí n bọ ọ́. Ibi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ bọ́ bàtà, ẹ bọ́ ọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú wa kiri mọ ìtàn, ó sì ní sùúrù fún orúnkún mi. Ó sọ bí Lárọ́òyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, ṣe kúrò ní Ìpólé nítorí ọ̀dá omi, bí wọ́n ṣe gé igi tó wó lu odò, tí ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Ó fi ibi tí ààfin àkọ́kọ́ wà hàn wá, níbi tí ojúbọ Ọ̀ṣun wà títí di òní. Ohùn rẹ̀ dùn, kò sì ṣe bí ẹni tó ń ka àkọ́sórí.

Ibi tí ó ti sáré jù ni ibi tí mo fẹ́ gbọ́. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, díẹ̀ ló kù kí igbó yìí parun: wọ́n ń gé igi ibẹ̀, wọ́n ń dẹ ọdẹ nínú rẹ̀, wọ́n ń jí ère àtijọ́ kó, ikán sì ti wọnú ojúbọ. Susanne Wenger, ọmọ ìlú Graz ní ilẹ̀ Ọ́síríà, tí wọ́n bí ní 1915 tó sì dé Nàìjíríà ní 1950, dara pọ̀ mọ́ àwọn olórìṣà láti dá a dúró. Àdùnní Olórìṣà la mọ̀ ọ́n sí títí tó fi kú ní 2009. Ìyẹn ni gbogbo ayé ń sọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n kò dá a ṣe. Adébísí Àkànjí wà níbẹ̀, bíríkìlà bíi tèmi. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí wà níbẹ̀ tó ń gbẹ́ òkúta, Kàsálí Àkàngbé Ògún ń gbẹ́ igi. Ọmọkùnrin yẹn fẹ́ fi èémí kan ṣoṣo pe gbogbo orúkọ wọ̀nyí kọjá. Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, tún ti Àkànjí yẹn pè." Ó tún un pè. Ọmọ iṣẹ́ mi wò mí: "Ọ̀gá, bíríkìlà ló ṣe èyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ dúró ti àwọn ère sìmẹ́ńtì, ẹ má kánjú. Rọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ sí ìrísí tí wọ́n fẹ́, wáyà ni wọ́n fi dì í, lẹ́yìn náà ni sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ní ìpele ìpele. Bí èèyàn bá lẹ̀ ẹ́ nípọn lẹ́ẹ̀kan náà, yóò já bọ́ kó tó gbẹ; ẹni tó bá ti pílásítà abẹ́ dẹ́kìn mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn kan dán bí ìgbà tí wọ́n fi omi fọwọ́ pa á, àwọn mìíràn ni wọ́n fi sílẹ̀ ní gbágungbàgun, mo sì gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, torí ojú tó rí gbágungbàgun máa ń di òjìji mú. Ilédì Oǹtótòo, tí àwọn Ògbóni ni ín, òrùlé rẹ̀ gbé orí sókè bí alángbá tó fẹ́ rìn. Mo yí i ká títí ọmọ iṣẹ́ mi fi jókòó.

Púpọ̀ nínú iṣẹ́ ńlá Àdùnní fúnra rẹ̀, amọ̀ ni inú wọn, sìmẹ́ńtì ni ó bò wọ́n. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ò ti balẹ̀. Amọ̀ a máa wú bó bá mu omi, a sì máa sún kì bó bá gbẹ; sìmẹ́ńtì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ á sán, òjò á gba ojú sísán náà wọlé, irin inú á dógùn-ún, irin tó bá sì dógùn-ún á wú, á ti sìmẹ́ńtì jáde. Mo rí ojú sísán.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Yorkshire, ní Ìlú Ọba, fi fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ránṣẹ́ sí mi nígbà kan, ti ìlú kékeré Pickering. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo pílásítà wọn." Àwòrán kún ògiri rẹ̀, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 550 ọdún sẹ́yìn: Jọ́ọ̀jì Mímọ́ tó ń gún dírágónì, Kristófà tó gbé Jésù ọmọdé sọdá odò, Edmund ọba tí wọ́n ta lọ́fà. Nígbà tí ẹ̀sìn yí padà ní Ìlú Ọba, wọ́n fi ẹfun kun irú àwòrán bẹ́ẹ̀ bò nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún 1852 ni ti Pickering tún yọjú. Àlùfáà ìgbà náà ní kí wọ́n tún kùn ún bò, ó sì ju ogún ọdún lọ kí wọ́n tó ṣí i padà. Ohun tí wọ́n fi ń kun ṣọ́ọ̀ṣì nígbà yẹn ni ilẹ̀ pupa, ẹfun àti èédú, lórí pílásítà tí wọ́n fi òkúta ẹfun sísun àti yanrìn ṣe. Àwọn obìnrin tó ń kun ojúbọ nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ náà, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa àwọ̀. Pílásítà ẹfun ń mí. Omi tó bá wọlé á rọ́nà jáde. Nígbà tí àwọn òyìnbó wá ń fi sìmẹ́ńtì tún irú ògiri àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, omi há sínú, ògiri ń yòrò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú Igbó Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má fi sìmẹ́ńtì líle di gbogbo ojú sísán. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí omi máa gbà kúrò.

Ọdún 1965 ni ìjọba ti dáàbò bo apá kan igbó náà, 1992 ni wọ́n fi gbogbo rẹ̀ kún un, 2005 ni UNESCO sọ ọ́ di àjogúnbá àgbáyé. Ìyẹn dá igi gígé dúró. Kò dá òjò dúró.

Omi odò kò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀sùn tó wà nílẹ̀ ni pé àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò ló fà á. Ẹ má mu ún.

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún ògiri, mẹ́rin fún ìfinimọ̀nà. Ọ̀kan tó kù, ó di ìgbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní kedere. Bí àkókò bá ṣẹ́ kù fún yín, ẹ gba ọ̀nà Ìbòkun lọ síbi ilé tí Àdùnní gbé, kẹ́ ẹ wo ọgbà sìmẹ́ńtì olójú tí Àkànjí ṣe yí i ká. Láti ojú títì lẹ ti lè rí i.