Live Server, Browsersync àbí Vite: èwo lẹ máa gbé sórí laptop yín?

Ẹni tó ń kọ sáìtì láyé òde òní, tó ṣì ń fọwọ́ tẹ F5 ní gbogbo ìgbà tó bá pa àwọ̀ bọ́tìnnì dà, ara rẹ̀ ló ń fìyà jẹ. Àwọn server kéékèèké wà tó máa ń ṣiṣẹ́ nínú laptop yín, tẹ́ ẹ bá ti save fáìlì, ojú ewé á sọ ara rẹ̀ dọ̀tun. Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: Live Server tó ń gbé inú VS Code (editor tá a fi ń kọ kóòdù), Browsersync, àti Vite.

Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti sanwó dọ́là rí fún ètò kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dákú ní Kubwa, kò ní ṣí, ó ní àfi kóun kọ́kọ́ yẹ láísẹ́ǹsì mi wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Server inú ilé, tó ń gba àṣẹ lóde! Látìgbà yẹn, ohun tí kò bá lè ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mi ò ná kọ́bọ̀ lé e mọ́.

Ní ti gbígbé e sórí laptop, Live Server ló rọrùn jù. Ẹ wá a nínú Extensions, ẹ fi sí i, "Go Live" á yọ sísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ojú ewé yín á ṣí ní 127.0.0.1:5500. Kò ní kẹ́ ẹ lọ wá Node.js (ètò tó ń jẹ́ kí JavaScript ṣiṣẹ́ láìsí browser), àwọn méjì yòókù ò lè ṣe láìsí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa gbé Browsersync wọlé nínú terminal pẹ̀lú npm install -g browser-sync (npm ló ń bá Node.js wá, òun ló ń gbé irú nǹkan báyìí wọlé), gbogbo iṣẹ́ yín ló sì máa lò ó. Vite ní tiẹ̀, inú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń gbé, iṣẹ́ tuntun, node_modules tuntun (folder tí ohun tí npm gbé wọlé ń wà).

Tó bá jẹ́ ti ìyára, tẹ́ ẹ bá ń kọ React tàbí Vue (àwọn ètò JavaScript tí wọ́n fi ń kọ ojú sáìtì), Vite ni. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dátà ló yẹ ká fara balẹ̀ sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé níwọ̀n ìgbà tí server ti wà lórí laptop, dátà kò lè lọ. Lóòótọ́, fáìlì tó wà lórí laptop yín kò jẹ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú HTML yín dáadáa: Bootstrap (CSS tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún wa) ń bọ̀ láti CDN (server orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pín irú fáìlì bẹ́ẹ̀), lẹ́tà ń bọ̀ láti Google Fonts, fídíò tó wà lókè ojú ewé ń bọ̀ láti sáìtì oníbàárà. Gbogbo ìgbà tí ojú ewé bá tún ara rẹ̀ ṣí ló ń béèrè wọn. Cache inú browser (ibi tó ń tọ́jú ohun tó ti gbà tẹ́lẹ̀) nìkan ló ń gbà yín sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń kọ kóòdù sì ti fi àmì sí "Disable cache" nínú DevTools (irinṣẹ́ inú browser fún àwa tá à ń kọ kóòdù), tá a sì ń ṣí DevTools sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ẹ wá fi Auto Save inú VS Code kún un. Tó bá wà lórí afterDelay, 1000 mílíìsẹ́kọ́ńdì ló máa ń dúró kó tó save, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ dúró ronú, ó save. Ẹ yán, ó save. Save kọ̀ọ̀kan, ojú ewé ṣí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ń ṣe sáìtì fún ìyá kan tó ń ta léèsì ní Wuse, hotspot fóònù mi ló ń lò. Kò pẹ́ rárá tó fi ké sí mi: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, dátà ti tán o." A ṣí Network inú DevTools wò. Níbi tó yẹ kó ti kọ "memory cache", iye KB àti MB ló tò síbẹ̀ gbọọrọ, fídíò kan náà, léraléra. Ó ń ṣe àtúnṣe sí àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì, dátà ń ya lọ bí omi inú tánkì tó jò.

Báwo ni àwọn mẹ́ta yìí ṣe ń ṣe sí i? Tó bá jẹ́ CSS lẹ yí padà, Live Server àti Browsersync á kàn pààrọ̀ CSS náà láìtún gbogbo ojú ewé ṣí. Tó bá jẹ́ HTML, gbogbo ẹ̀ ló máa tún ṣí. Live Server ń dúró fún 100 mílíìsẹ́kọ́ńdì kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè fi kún un níbi liveServer.settings.wait. Ṣùgbọ́n Browsersync ní èyí tó wù mí jù: --reload-debounce 2000. Títí ìṣẹ́jú àáyá méjì á fi kọjá láìsí àyípadà kankan, kò ní fọwọ́ kan ojú ewé yín. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń dúró dè yín.

Ti Vite yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń kọ React tàbí Vue, ibi tẹ́ ẹ yí padà nìkan ló sábà máa ń pààrọ̀, ohun tẹ́ ẹ bá sì fi npm gbé wọlé ti wà nínú laptop yín. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló wúwo. Ẹ fi --prefer-offline kún npm install, kó kọ́kọ́ wo ohun tó ti wà nílé.

Ìmọ̀ràn kan fún gbogbo wọn: ẹ gbé Bootstrap àti lẹ́tà yín sínú folder iṣẹ́.

Wíwo iṣẹ́ lórí fóònù: Browsersync á fúnra rẹ̀ kọ àdírẹ́sì "External" jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù tí laptop ń gba hotspot lọ́wọ́ rẹ̀. Fáìlì tó ń ti laptop wá kò jẹ dátà, bẹ́ ẹ sì ṣe ń yí ojú ewé lórí laptop ni tòhún á máa yí. Vite ń fẹ́ --host. Live Server ń fẹ́ kẹ́ ẹ lọ wá useLocalIp nínú settings. Tí fóònù ò bá rí i, firewall Windows ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

PHP àti WordPress: Live Server fúnra rẹ̀ kò mọ PHP, iṣẹ́ Vite kọ́ nìyẹn náà. Browsersync á fi --proxy dúró níwájú XAMPP yín (server tó ń mú PHP ṣiṣẹ́ lórí laptop). Èyí kì í ṣe ohun kékeré, torí WordPress ni ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ní Abuja ń béèrè.

RAM: ẹni tó ra laptop UK-used oní 4GB ní Banex lè lo Browsersync pẹ̀lú editor tó bá fúyẹ́. Live Server, VS Code dandan.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ HTML, kó mú Live Server. Oní-React, kó gba ọ̀nà Vite. Ẹni tí oníbàárà ń sanwó fún, tó ń ra dátà lápò ara rẹ̀, tí wọ́n máa wo iṣẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, kó gbìyànjú èyí ná:

browser-sync start --server --files "*.html, css/*.css" --reload-debounce 2000

Kẹ́ ẹ sì rí i pé HTML yín ní body, torí ibẹ̀ ló ń fi kóòdù tiẹ̀ sí. Bí kò bá sí, kò sí ohun tó máa ṣí fúnra rẹ̀.