Káàdì Clemente: ti 1955 ni kí ẹ rà ni, àbí ti 1973?

Bí ẹ bá ń wá káàdì eléré kan ṣoṣo, páálí kékeré tí wọ́n tẹ àwòrán eléré sí, tí ẹ ó fi máa rántí Roberto Clemente, ọmọ Puerto Rico tó fi ọdún 18 gbá bésíbọ́ọ̀lù fún Pittsburgh Pirates, méjì ni àwọn akójọ-káàdì sábà máa ń dárúkọ: èyí tí Topps, ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ káàdì, kọ́kọ́ ṣe fún un ní 1955, nọ́ńbà 164, àti èyí tó jáde ní 1973, nọ́ńbà 50. Owó ara mi ni mo fi ra àwọn méjèèjì, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ mí lówó ju bó ti yẹ lọ.

Ní ti orúkọ, wọn kò ju ara wọn lọ, nítorí pé "Roberto" ni a kọ sí àwọn méjèèjì, kò dà bíi ti 1957 sí 1969 tí Topps ń pè é ní "Bob", orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́. (Ẹnikẹ́ni nínú wa tí wọ́n ti sọ Ṣeun rẹ̀ di "Shawn" níbi iṣẹ́ yóò mọ bó ṣe rí.) Ní ti ẹwà, ti 1955 ló ṣíwájú. Ní ti iye owó, ti 1955 tó mọ́ dáadáa ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, nígbà tí ti 1973 tí kò bàjẹ́ púpọ̀ kò ju owó oúnjẹ alẹ́ ìdílé kékeré kan lọ.

Etí káàdì gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí mo ra ti 1955 lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan níbi ìpàtẹ káàdì, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ṣóńṣó, inú mi sì dùn, èmi tí ó yẹ kí n bi ara mi léèrè bí páálí tí àwọn ọmọdé ti ń fọwọ́ kàn láti ìgbà yẹn ṣe lè mú ṣóńṣó bẹ́ẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ káàdì wò tí wọ́n ń fún un ní máàkì. Ó padà wá láìní máàkì kankan, wọ́n ní ẹnì kan ti gé etí rẹ̀ kí igun rẹ̀ tó ti gbó lè dà bíi tuntun. Ọ̀gbẹ́ni tó tà á fún mi ti ká àtẹ tirẹ̀ lọ. Rúlà lásán ìbá ti gbà mí: ínṣì 2⅝ sí 3¾ ni káàdì 1955 gbọ́dọ̀ jẹ́, ó tóbi ju ínṣì 2½ sí 3½ tí Topps ń lò láti 1957, tèmi sì dín bíi fífẹ̀ èékánná. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àtúntẹ̀, nítorí pé Topps fúnra rẹ̀ tún káàdì Clemente tẹ̀ ní 1998. Wọ́n lè gé etí ti 1973 náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi àkókò rẹ̀ ṣòfò lórí èyí tí owó rẹ̀ kéré? Àléébù rẹ̀ ni pé àwòrán rẹ̀ lè yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí ẹ ó tún tà lọ́la, ẹ ra ti 1955, èyí tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì ti lẹ̀ pa sínú ike nìkan. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni 20 ọdún tí kò tíì ṣe ohun tí a fi mọ̀ ọ́n ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin tí mo fi ojú ara mi rí ní Three Rivers Stadium ní 1971, nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Pittsburgh, ni ti 1973. Ní 30 September 1972 ló gbá ìgbá rere ("hit", ìgbá tó jẹ́ kí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù dé ibùdó láìséwu) tó mú kí tirẹ̀ pé 3,000, èyí tó jẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ nínú eré líìgì àkókò náà. Ní 31 December, ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó ẹrù ìrànwọ́ lọ sí Nicaragua já sínú òkun pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí káàdì náà dé ọjà, olóògbé ni. Mẹ́ta ni mo ní báyìí, gbogbo wọn sì yà sí ẹ̀gbẹ́.